Orúnkún Tó Ń Ro Wá: Bí A Ṣe Lè Máa Gbé Ayé Pẹ̀lú Aromọléegun

Kókó ẹ̀kọ́: Ohun tí aromọléegun jẹ́, ohun tí ó ń ṣe sí ìgbé ayé obìnrin, àti ohun tí ọwọ́ wa lè ká nínú rẹ̀.

Ohun tí a ó mú wá sí ìpàdé: Àga kan tí ó dúró dáadáa, ọ̀pá ìtilẹ̀ kan, àti aṣọ ìnura kan.

Èrò wa: Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè sọ ohun tí ó ń fa ìrora orúnkún, kí a lè ṣe eré ìdárayá mẹ́ta fún un láìsí ìrànlọ́wọ́, kí a sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a lọ rí dókítà.

ÌFÁÁRÀ

Bí a bá wo inú ìpàdé wa dáadáa, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò lè dìde lórí àga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. A ó kọ́kọ́ di ẹ̀yìn àga iwájú mú, a ó wí pé "Yéè!", kí a tó lè nàró. Nígbà tí wọ́n bá ní kí a kúnlẹ̀ fún àdúrà, àwọn kan a wà lórí ìjókòó wọn, wọn a tẹ orí ba bí ẹni tí ojú ń tì. Kì í ṣe pé wọn kò ní ọ̀wọ̀. Orúnkún ni kò gbà.

Ìrora yìí ti wọ́pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ ọ́ di ohun tí kò tó nǹkan. "Àgbà ti dé," ni a máa ń wí, a ó sì fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí kò pa ènìyàn lè ba ayé ènìyàn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá tí ó ti ń ná ọjà Odò Orí láti ìgbà èwe rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé. Kì í ṣe pé owó ọjà tán lọ́wọ́ rẹ̀, àtilọ àtibọ̀ ni ó di ìṣòro. Nítorí náà ni a ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

1. KÍ NI AROMỌLÉEGUN?

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe irú èyí tí à ń sọ ni osteoarthritis. Àwa ń pè é ní aromọléegun, àwọn mìíràn a máa pè é ní làkúrègbé. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé oríṣìíríṣìí ìrora eegun ni a ń fi orúkọ méjèèjì yìí pè. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni ẹ̀kọ́ òní dá lé.

Bí a bá jẹ itan adìẹ dé orí eegun, a ó rí ohun funfun kan tí ó ń dán, tí ó rọ̀ ju eegun lọ, tí eyín sì lè gé. Irú rẹ̀ wà lórí eegun tiwa náà, níbi tí eegun méjì ti pàdé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí eegun kan má ha èkejì, kí oríkèé sì lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú aromọléegun, ohun rírọ̀ yìí á máa fẹ́lẹ́ sí i, á máa họ, kò sì ní dán mọ́. Eegun abẹ́ rẹ̀ á nípọn, á sì máa hù sí ẹ̀gbẹ́. Oríkèé lè wú, omi sì lè gbà síbẹ̀. Iṣan itan tí ó di orúnkún mú náà á máa rọ, nítorí pé a kò lò ó bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bí iṣan bá sì ti rọ, ẹrù á túbọ̀ wúwo lórí oríkèé, ìrora á tún pọ̀ sí i.

Orúnkún, ìgbáròkó, ìka ọwọ́ àti eegun ẹ̀yìn ni ó máa ń mú jù. Àwọn àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí: ìrora nígbà tí a bá ń rìn, tí a bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí a bá ń dìde, tí ó sì máa ń dín nígbà tí a bá sinmi, oríkèé tí ó gan nígbà tí a bá jí, ṣùgbọ́n tí ó máa ń tú kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, orúnkún tí ó ń dún nígbà tí a bá ká a, àti ẹsẹ̀ tí ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí gígan òwúrọ̀ bá ń ju wákàtí kan lọ, tí àwọn oríkèé kéékèèké ọwọ́ méjèèjì sì wú, ó lè jẹ́ irú mìíràn tí oògùn rẹ̀ yàtọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè lọ rí dókítà.

2. TA NI Ó Ń ṢE, KÍ SÌ NI Ó FÀ Á?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2019, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 528 ní gbogbo ayé ni ó ní àrùn yìí. Nínú ènìyàn 100 tí ó ní in, 60 jẹ́ obìnrin, 73 sì ti ju ọmọ ọdún 55 lọ. Orúnkún ni ó mú jù: mílíọ̀nù 365 ni ti orúnkún.

Kì í ṣe àrùn òyìnbó. Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ físíò ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn oníṣẹ́-abẹ eegun, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará Ìgbò-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Nínú àwọn tí ó ti pé ọmọ 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú márùn-ún tí aromọléegun orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ìgbò-Ọrà kò jìnnà sí wa, iṣẹ́ wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Bí a bá ka ènìyàn márùn-ún lórí ìjókòó kan nínú ìpàdé wa, ó ṣeé ṣe kí a bá ẹnì kan níbẹ̀.

Àwọn ohun tí ó ń fà á nìwọ̀nyí: ọjọ́ orí, ara tí ó sanra jù, orúnkún tí ó ti fara pa rí, iṣẹ́ tí ó gba ìkúnlẹ̀, ìlóṣòó àti ẹrù rírù fún ọdún pípẹ́, àti ìdílé, nítorí pé ó máa ń wà nínú ẹbí mìíràn ju òmíràn lọ. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, ó máa ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí yanjú: kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó fi ṣe wá. Ọ̀pọ̀ ìyá ti ná owó oúnjẹ tán nítorí wọ́n sọ fún un pé ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Òmíràn ń fura sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tàbí sí aládùúgbò rẹ̀, ìfẹ́ inú ilé sì ti tú ká. Orúnkún ń ro ó, ọkàn rẹ̀ náà sì ti wá ń ro ó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ń fi ṣe ènìyàn, a jẹ́ pé ẹni náà ti fi ṣe mílíọ̀nù 528.

3. OHUN TÍ Ó Ń ṢE SÍ ÌGBÉ AYÉ WA

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé ìbéèrè kan, ìbéèrè 26, tí wọ́n fi ń wo bí ayé ṣe rọrùn fún ènìyàn sí. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: ara, ọkàn, àjọṣe pẹ̀lú ènìyàn, àti àyíká tí a ń gbé. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wo ara wa.

Ní ti ara: ìrora kì í jẹ́ kí a sun oorun tó. Ẹni tí kò sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlóṣòó nínú ṣáláńgá di ogun. Omi kànga, aṣọ fífọ̀, iyán gígún, gbogbo rẹ̀ di ohun tí a ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ fún.

Ní ti ọkàn: obìnrin tí ó ti ń dá bùkátà ara rẹ̀ gbọ́ láti ìgbà èwe kì í fẹ́ di ẹrù ẹlòmíràn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kanra, ó lè máa dá sunkún. A ó ní ìwà rẹ̀ ti yí padà, láìmọ̀ pé ìrora ni ó yí i.

Ní ti àjọṣe: ó ń pa òde jẹ, kò lọ sí ìkómọ mọ́, kò lọ sí ìsìnkú, a kì í sì í rí i ní ìpàdé mọ́. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ti wọlé. Nílẹ̀ Yorùbá, ìkúnlẹ̀ ni ìkíni obìnrin. Ìyàwó ilé tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, tí orúnkún ń ro, bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n lè ní ó gbéraga. Nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, á kúnlẹ̀, á sì fi eyín pa ìrora rẹ́.

Ní ti àyíká: àga wa kúrú, àpótí ìdáná wa kúrú ju àga lọ, àtẹ̀gùn wa ga, ọ̀kadà sì nira láti gùn.

Àwọn onímọ̀ físíò ti Ìbàdàn rí i pé àwọn ìwé ìbéèrè tí a ń lò fún àrùn yìí jẹ́ èyí tí a ṣe fún ìgbé ayé àwọn ará òkè-òkun. Wọ́n wá ṣe tiwa, wọ́n gbé e jáde ní 2007, wọ́n sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é. Wọ́n tún tú u sí èdè Yorùbá kí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì má baà ṣì í gbọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún wa ni pé nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí a má kàn sọ pé "orúnkún ń ro mí." Kí a sọ ohun tí kò ṣeé ṣe fún wa mọ́: "N kò lè lóṣòó. N kò lè rìn dé ọjà. N kò lè kúnlẹ̀ kí ènìyàn." Ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó.

4. OHUN TÍ A LÈ ṢE

(a) Kí a máa lo ẹsẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìsinmi ni oògùn orúnkún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tí a kò lò á rọ, oríkèé tí a kò yí á gan. John Wesley pàápàá kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ara, *Primitive Physick*, tí ó jáde ní 1747, ó sì gba àwọn tí ó bá lè rìn níyànjú níbẹ̀ láti máa rìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àga tí a mú wá ṣe eré ìdárayá mẹ́ta yìí.

Èkíní: Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú títí yóò fi tọ́. Ẹ mú un dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ sì rọra gbé e sílẹ̀. Ìgbà 10, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kejì.

Èkejì: Ẹ dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, kí ẹ ká aṣọ ìnura sí abẹ́ orúnkún. Ẹ fi orúnkún tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́. Ìgbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta: Ẹ dìde lórí àga, kí ẹ sì rọra jókòó padà, láìfi ọwọ́ ti nǹkan bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ fi ìgbà 5 bẹ̀rẹ̀.

Ìrora díẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe é kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì, kí a dín in kù, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹlòmíràn á ní, "Ta ni yóò máa gbé mi lọ sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn fún físíò?" Ẹ gbọ́ èyí. Ní 2013, Odole àti Ojo ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín àwọn 50 tí ó ní aromọléegun orúnkún sí ọ̀nà méjì. Ìdajì ń wá sí ilé-ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdajì kejì ń ṣe eré ìdárayá tiwọn nílé, àwọn físíò sì ń fi tẹlifóònù bojú tó wọn. Ara dẹ àwọn méjèèjì, ìrora sì dín. Àwọn tí ó wà nílé kò gbẹ́yìn. Nítorí náà, bí a bá lè lọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n kọ́ wa, tí ẹnì kan sì ń bi wá léèrè déédéé, ilé wa tó ibi ìtọ́jú.

(b) Kí a dín ẹrù ara kù. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i ní 2005 pé bí ènìyàn bá fi kílò kan fọn, ẹrù tí ó kúrò lórí orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kílò mẹ́rin. Ẹ ro iye ìṣísẹ̀ tí a ń gbé kí a tó dé ọjà! A kò ní kí ẹnikẹ́ni febi pa ara rẹ̀. Kí a bu òkèlè kù, kí a fi ẹ̀fọ́ kún un, kí a dín epo àti ohun mímu aládùn kù.

(d) Kí a tún ọ̀nà tí a ń gbà ṣe iṣẹ́ ilé ṣe. Ẹ gbé àpótí kúkúrú tì, ẹ wá àga tí ó ga. Ẹ gbé ọpọ́n aṣọ sórí tábìlì. Ẹ pọn omi díẹ̀díẹ̀ dípò kí a ru garawa ńlá. Ẹ ní kí káfíńtà lu ihò sí àga kan fún yín, kí ẹ máa gbé e sórí ṣáláńgá. Ẹni tí ó ń jókòó tajà, kí ó máa dìde na ẹsẹ̀ ní gbogbo ìdajì wákàtí.

(e) Ọ̀pá ìtilẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi ọwọ́ tí kò yẹ dì í mú. Bí orúnkún ọ̀tún bá ń ro wá, ọwọ́ òsì ni a ó fi di ọ̀pá mú. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó le ni kí ó kọ́kọ́ gòkè. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí ń ro wá ni kí ó ṣáájú.

(ẹ) Ìgbóná. Aṣọ tí a ki bọ omi gbígbóná, tí a sì fún, máa ń tú oríkèé tí ó gan. Kí ó má gbóná jù, pàápàá fún àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, nítorí ẹsẹ̀ wọn lè má mọ̀ pé ó ti ń jó wọn. Róòbù àti àwọn ìpara bẹ́ẹ̀ lè dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tún oríkèé ṣe.

(f) Oògùn. Níhìn-ín ni a ti ní láti ṣọ́ra jù lọ. Ìrora kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n oògùn ìrora lè pa á. Ibuprofen, diclofenac àti piroxicam ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́ láìsí ìmọ̀ràn dókítà, wọ́n lè dá egbò sí inú, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà níbẹ̀. Wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Alábùkún, tí ó ti wà láti 1918, ní aspirin nínú, aspirin sì jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó lo Alábùkún ní àárọ̀ tí ó tún lo ibuprofen ní ọ̀sán ti sọ ewu di méjì. Ní ti parasitamó, àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lo ju hóró 8 ti mílígírámù 500 lọ láàárín wákàtí 24.

Ẹ tún ṣọ́ra fún oògùn inú mọ́tò, àti fún èyíkéyìí tí ó ń ṣiṣẹ́ bí idán. Ní 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ọjà kan tí ń jẹ́ Artri King, tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí ohun aṣaralóore fún oríkèé. Wọ́n bá diclofenac àti dexamethasone nínú rẹ̀, a kò sì kọ wọ́n sí ara páálí rẹ̀. Dexamethasone máa ń mú ìrora lọ kíá, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára, ojú á wú, ṣúgà á gòkè, eegun á sì máa rọ. Kí ẹni tí ó bá ti ń lo irú rẹ̀ pẹ́ má dá a dúró lójijì. Kí ó lọ rí dókítà.

(g) Ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ dúró sílé. Bí oríkèé bá wú lójijì tí ó pọ́n tí ó sì gbóná, pàápàá pẹ̀lú ibà. Bí a bá ṣubú tí ẹsẹ̀ kò sì lè gbé wa mọ́. Bí ìrora bá ń jí wa lóru lójoojúmọ́. Bí ara bá ń fọn láìnídìí. Tàbí bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà nígbà tí a ń lo oògùn ìrora. Ẹ̀ka físíò wà ní ilé-ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, ní ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ti UNIOSUN ní Òṣogbo, àti ní ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí oríkèé bá ti bàjẹ́ kọjá gbogbo ìwọ̀nyí, iṣẹ́ abẹ wà tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀, a sì ń ṣe é ní Nàìjíríà. Owó rẹ̀ kò kéré. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

5. OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí àwọn ọ̀dọ́ inú wa máa bá àwọn ìyá pọn omi, kí àwọn ìyá náà gbà kí a ràn wọ́n lọ́wọ́ láìkanra. Kí a fi eré ìdárayá mẹ́ta yìí ṣí ìpàdé wa. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kí a ní àga gíga díẹ̀ nínú yàrá ìpàdé fún àwọn tí ó nílò rẹ̀. Bí a kò bá rí ìyá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a lọ wò ó, kí a má dúró di ìgbà tí a ó gbọ́ pé ó ti wó.

Ní ti ìkúnlẹ̀, ọwọ́ àwa àgbà ni àtúnṣe wà. Àwa ni kí a sọ fún àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ wa pé, "Dúró kí mi, ọmọ mi, mo ti rí ọkàn rẹ." Ẹni tí ó bá jókòó gbàdúrà nítorí ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wò ó ní ìwòkuwò. Ọ̀wọ̀ kò sí nínú orúnkún nìkan.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ohun rírọ̀ tí ó wà lórí eegun wa nínú aromọléegun?
2. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí a fi wo ìgbé ayé, èwo ni ìrora ti mú lọ jù lọ́wọ́ rẹ?
3. Èwo nínú iṣẹ́ ilé rẹ ni o lè yí ọ̀nà tí o ń gbà ṣe é padà lọ́sẹ̀ yìí?
4. Kí ẹnì kan dìde, kí ó fi hàn wá bí a ṣe ń di ọ̀pá ìtilẹ̀ mú.
5. Ta ni a kò tíì rí ní ìpàdé láti ìgbà díẹ̀, tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ ni ó dá a dúró? Àwọn wo ni yóò lọ wò ó?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ: Kí olúkúlùkù kó gbogbo oògùn ìrora tí ó wà nílé rẹ̀ sínú àpò kan, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. A ó bẹ nọ́ọ̀sì kan láti bá wa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.